Màmá mi ń lọ Háájì: báwo la ṣe máa gbé ínsúlínì wọn tí ò fi ní bàjẹ́ lọ́nà?

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi máa lọ Háájì lọ́dún yìí, wọ́n ti sanwó, inú gbogbo ilé ń dùn, àmọ́ ó ti pẹ́ tí súgà ti ń bá wọn fínra, Mixtard ni wọ́n ń gún láàárọ̀ àti lálẹ́, ti inú ìgò tí wọ́n ń fi sírínjì fà. Nílé kò sí wàhálà, inú fíríìjì la ń kó o sí, tí iná bá lọ a máa tan jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa lò tó oṣù kan lọ́hùn-ún, oòrùn Mẹ́kà kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Ìlọrin. Àbúrò wọn ní kí wọ́n dì í sínú àpótí ńlá pẹ̀lú gaàrí àti èlùbọ́, pé abẹ́ pléènì tutù. Ẹlòmíì ní kí wọ́n rì í mọ́ áìsì bulọ́ọ̀kù nínú kúlà. Èwo ni ká ṣe nínú méjèèjì? Tí wọ́n bá tún dé Mínà tí wọ́n ń sùn nínú àgọ́, fíríìjì wo ló wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́

Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á gbà á ní ìbádà fún màmá. Ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì o. Àpótí tó ń lọ sábẹ́ pléènì yẹn, òótọ́ ni pé ibẹ̀ tutù, òtútù ọ̀hún gan-an la sì ń sá fún, torí ó lè tutù débi tí oògùn á fi dì, ínsúlínì tó bá sì ti dì lẹ́ẹ̀kan ti lọ nìyẹn, kódà tó bá yọ́ padà ẹ ò lè gbára lé e mọ́, ẹ dà á nù. Ká má tíì sọ ti àpótí tó ń sọnù tàbí tó ń pẹ́ kó tó dé. Báàgì ọwọ́ màmá ni gbogbo ẹ̀ máa wà, ínsúlínì, sírínjì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ súgà wò.

Ti inú áìsì yẹn náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ooru nìkan làwọn èèyàn wa máa ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ooru máa ń jẹ agbára ínsúlínì díẹ̀díẹ̀ ni, dídì ló ń pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ kúlà lẹ fẹ́ lò, ẹ fi táwẹ̀lì wé áìsì náà dáadáa, kẹ́ ẹ fi ìgò oògùn sílẹ̀ nínú páálí ẹ̀, kí àwọn méjèèjì má fara kanra. Kí wọ́n ṣọ́ra fún fíríìjì kékeré inú òtẹ́ẹ̀lì náà, àwọn míì máa ń dì lápá ẹ̀yìn, ara ilẹ̀kùn fíríìjì ni kí wọ́n fi sí.

Èyí tí wọn ò tíì ṣí, 2°C sí 8°C ló yẹ ẹ́, ó lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí. Èyí tí wọ́n ti ń fà lò kò nílò fíríìjì, kó ṣáà má rí oòrùn, kó má sì ju 30°C lọ, àwọn kan tiẹ̀ ní kó má ju 25°C. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ fi máa lò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣí i, àmọ́ wọn ò dọ́gba, ẹ ka ìwé inú páálí ti màmá fúnra yín, kẹ́ ẹ sì fi bíróò kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i sára ìgò. Ẹ rí i pé ìgò tí wọ́n bá ti ṣí nílé kí wọ́n tó gbéra lè má bá wọn dé ìparí ìrìnàjò. Ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n máa lò ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ pín in, kí apá kan wà lọ́wọ́ wọn, kí apá kejì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lọ tí wọ́n fọkàn tán. Kí dókítà wọn kọ lẹ́tà tí orúkọ oògùn máa wà nínú ẹ̀ àti pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún, kò sẹ́ni tó máa dà wọ́n láàmú ní èápọ́ọ̀tù, òfin tó ní kéèyàn má gbé ohun olómi tó ju 100ml wọ pléènì yẹn ò mú oògùn tí èèyàn ń lò.

Àlájà Abẹ́òkúta

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọmọ Ìlọrin, èmi náà ń gún ínsúlínì, mo sì ti ṣe Háájì, nítorí náà ẹ gbọ́ tẹnu mi. Àgọ́ Mínà ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, kì í ṣe ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Àráfà ni, tí èèyàn máa wà níta látàárọ̀, àti Muzdalifah níbi tí ẹ máa sùn sí gbangba lórí ilẹ̀, àti inú bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì yẹn ni kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún màmá jù, torí àwọn èèyàn máa ń sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n á fi báàgì sórí ìjókòó pé àwọn ń bọ̀, oòrùn á wá máa sun oògùn nínú ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Lọ́dún 2024 ooru Mẹ́kà wọ 51.8°C, èèyàn tó lé ní 1,300 ló kú ní Háájì yẹn, ẹ wá ro ohun tí inú mọ́tò tí wọ́n tì pa máa dà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí màmá bá ń lọ, báàgì náà ń bá wọn lọ ni, ìbáà ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ohun tó gbà mí ni àpò kan báyìí tí wọ́n ń rì sínú omi, FRIO lorúkọ ẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń mu omi tó fi ń wú, bí omi yẹn ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ ló ń mú kí inú ẹ̀ tutù, kò sì lè tutù débi pé oògùn á dì. Kò fẹ́ fíríìjì, kò fẹ́ iná, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ tún rì í sómi. Kẹ́ ẹ má wá kó o sínú náílọ́ọ̀nù o, atẹ́gùn ló fi ń ṣiṣẹ́. Oòrùn Mẹ́kà gbẹ, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ ju Èkó lọ.

Kí wọ́n má sì jìnnà sí dàbínù àti súgà kúúbù. Ìrìn ẹsẹ̀ tó wà nínú Háájì pọ̀ gan-an, ooru sì máa ń jẹ́ kí ínsúlínì tètè wọ ara, súgà lè já wálẹ̀ lójijì, òógùn á bò yín, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Àwọn dókítà NAHCON, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó Háájì, máa ń wà ní Mẹ́kà àti ní Mínà, kí màmá béèrè ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti dé, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ara ò bá yá.

Dẹ̀jọ Ọ̀wọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun, mi ò lọ Háájì o, Èkó sí Ọ̀wọ̀ ni tèmi, abúlé la sì ń lọ tí kò síná fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin nígbà míì. Pẹ́ẹ̀nì ni mò ń lò. Ṣé gbogbo eléyìí kàn mí?

Ọmọ Kẹ́míìsì

Ó kàn yín dáadáa ẹ̀gbọ́n. Inú pigeonhole mọ́tò àti orí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ibi tí oògùn ń gbé, bùútù náà ò dáa, báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ yín ló dáa jù. Tẹ́ ẹ bá gúnra tán kẹ́ ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu pẹ́ẹ̀nì, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ atẹ́gùn máa ń wọlé, oògùn á sì máa jò.

Ti abúlé, ẹ má da ara yín láàmú jù. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì, kí ọ̀kan wọ inú èkejì, kẹ́ ẹ da yanrìn sáàárín wọn, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí yanrìn náà, kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu ẹ̀, kó wà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ ibòji. Tíṣà kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn àgbẹ̀ fi ń tọ́jú tòmátò, ó gba ẹ̀bùn Rolex tọdún 2000 lórí ẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ó máa ń tutù gan-an, lásìkò òjò kò fi bẹ́ẹ̀. Ẹ fi oògùn sínú ike tó ní ìdérí kí omi má bàa kàn án.

Àwọn MSF, ẹgbẹ́ dókítà tó ń ṣèrànwọ́ káàkiri ayé, àti Yunifásítì Geneva yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní Dagahaley, àgọ́ àwọn tó sá kúrò nílùú wọn ní Kẹ́ńyà, ooru ibẹ̀ ń lọ sókè sódò láàárín 25°C sí 37°C, ọdún 2021 ni wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ínsúlínì ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti inú fíríìjì. Nítorí náà iná tó lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ìdí láti da oògùn olówó iyebíye nù. Oòrùn tààrà àti dídì ni kẹ́ ẹ sá fún.

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á dá gbogbo yín lọ́lá. Nọ́ọ̀sì, ó ku ìbéèrè kan: báwo ni màmá ṣe máa mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, àti pé ìgbà wo ni wọ́n máa gún un nínú pléènì?

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́

Mixtard tó dáa, tí wọ́n bá fi àtẹ́lẹwọ́ yí i síwá sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ máa funfun bíi mílíìkì, kò ní kù síbì kan. Tí wọ́n bá rí kóró-kóró tó ń léfòó, tàbí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò tí kò fẹ́ kúrò, kí wọ́n má gún un. Tẹ́lòmíì bá ń ka èyí tó jẹ́ pé tiẹ̀ máa ń mọ́ gaara bí omi, tìẹ tó bá ti ṣú, dà á nù. Ṣùgbọ́n ojú ò lè rí gbogbo ẹ̀ o, ó lè dáa lójú kó má lágbára mọ́, tí súgà wọn bá ń ga léraléra tí oúnjẹ wọn ò sì yí padà, kí wọ́n ṣí ìgò tuntun.

Nínú pléènì, kí wọ́n má gún un títí oúnjẹ á fi dé iwájú wọn, torí wọ́n lè ní oúnjẹ ń bọ̀ kó má sì dé fún wákàtí kan. Sáúdí fi wákàtí méjì ṣíwájú wa, ìyẹn ò pọ̀, tí wọ́n bá ti débẹ̀ kí wọ́n máa tẹ̀lé oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ ibẹ̀. Iye tí wọ́n máa gún lọ́jọ́ ìrìn gígùn, mi ò lè sọ ọ́ níbí, kí wọ́n lọ rí dókítà wọn ní bí oṣù kan kí wọ́n tó gbéra, kó kọ ọ́ sórí ìwé fún wọn, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń lọ.