Owó tí mò ń ná sórí omi òjò ti pọ̀ jù, ẹ bá mi dá sí i

Ará Apẹ́tẹ̀
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi. Ìbàdàn ni mò ń gbé, kò sí omi ẹ̀rọ ládùúgbò wa, kànga sì máa ń gbẹ tó bá ti di oṣù kejì, ìyẹn la fi gbẹ́ táǹkì abẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo omi òrùlé ń wọ̀. Mo rò pé tí òjò bá ti ń rọ̀ owó omi ti tán nìyẹn, àṣé kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ńpù 1 hp ló ń fà á lọ sókè, iná kì í dúró, jẹ́ẹ̀nì ni mo máa ń tàn, bíi lítà epo 4 lọ́sẹ̀ fún omi nìkan. Fítà ń dí, oṣooṣù ni mò ń ra tuntun. Mo ń da álọ́ọ̀mù tó ń mú omi tòrò sí i, mo tún ń sanwó fún àwọn ọmọ tó ń wọnú táǹkì lọ kó ẹrẹ̀. Òrùlé wa tó mítà 10 níbùú, 12 lóòró. Mo ní páìpù tó ń gba omi àkọ́kọ́ tó ń fọ ìdọ̀tí òrùlé, kó má bàa wọ táǹkì o. Kí ni mi ò ṣe dáa?

Púlọ́ńbà Abẹ́òkúta
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Páìpù omi ìdọ̀tí yẹn, báwo ló ṣe gùn tó?

Ará Apẹ́tẹ̀
Ínṣì 4 ni, kò ju mítà 1 lọ.

Púlọ́ńbà Abẹ́òkúta
Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Páìpù ínṣì 4, lítà 8 péré ni mítà 1 rẹ̀ ń gbà. Òrùlé yín jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 120, ó kéré tán lítà 60 ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà nù kí omi tó wọ táǹkì, pàápàá òjò àkọ́rọ̀ tó ń fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. Ẹ̀yin ń da 8 nù, 52 tó kù ń wọlé, òun ló ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, òun náà ló ń dí fítà, òun lẹ fi ń ra álọ́ọ̀mù. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì ńlá kan tàbí dúrọ́ọ̀mù tó lè gba lítà 60 yẹn dípò páìpù náà, ẹ fi bọ́ọ̀lù tó lè léfòó sínú rẹ̀, tó bá kún bọ́ọ̀lù á gòkè lọ dí ẹnu rẹ̀, omi tó mọ́ á wá gba táǹkì lọ. Ẹ lu ihò kékeré sí ìdí rẹ̀ kó máa jò díẹ̀díẹ̀, kó lè ṣófo kí òjò míì tó dé. Omi yẹn ò ṣòfò, ẹ fi fọ ilẹ̀. Ẹnu páìpù tó wọ táǹkì náà, ẹ fi ẹ́ẹ́bò, ìyẹn páìpù kékeré tó tẹ̀ bí ìgunpá, yí i sókè nísàlẹ̀, kí omi má máa ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sókè.

Ìyá Ìbejì
Bùrọ̀dá, kí lẹ ń fi fítà sẹ́ omi tẹ́ ẹ fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìfọṣọ fún? Tápù kíṣìn nìkan ni tèmi wà, ó sì máa ń pẹ́ gan-an. Ti mímu, mo ṣì ń sè é o, àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ mu ún bẹ́ẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ẹnu táǹkì, torí tanwíji. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọnú táǹkì nígbà tí jẹ́ẹ̀nì ń ṣiṣẹ́ nítòsí, èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn kíákíá.

Ará Apẹ́tẹ̀
Ẹ ṣé gan-an, màmá. Epo ńkọ́?

Púlọ́ńbà Abẹ́òkúta
Ẹ má jẹ́ kí gbogbo omi kọ́kọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀. Òjò mìlímítà 10 lórí òrùlé yín, bíi lítà 1,000 lẹ ó rí gbà. Ẹ gbé táǹkì lítà 1,000 dúdú kan sábẹ́ etí òrùlé, lórí búlọ́ọ̀kù tó ga tó mítà 1, omi á máa ṣàn fúnra rẹ̀ lọ sí bálùwẹ̀ àti kíṣìn, èyí tó bá ṣẹ́kù ni kó lọ sábẹ́ ilẹ̀. Kò ní tú jáde pẹ̀lú agbára o, ṣùgbọ́n á kún bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ da kankéré sínú àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn, torí tọ́ọ̀nù 1 ni omi yẹn wúwo. Ìgbà tí òjò bá dá nìkan lẹ ó máa tan jẹ́ẹ̀nì.

Ará Apẹ́tẹ̀
Ọlọ́run á bù kún yín. Dúrọ́ọ̀mù wà nílé, Sátidé ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, tí owó táǹkì bá pé mo máa gbé ìyẹn náà.