Fláàṣì etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kì í tàn bí kámẹ́rà bá ti wọ omi

Manchester: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Fláàṣì méjì dúró létí adágún, trígà rédíò 2.4 GHz (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìgbì rédíò pe fláàṣì kó tàn) wà lórí kámẹ́rà nínú àpótí tí omi kì í wọ̀. Lókè omi, wọ́n ń tàn. Kámẹ́rà kàn rì báyìí, wọ́n dákẹ́. Ṣé bátìrì ni?

Houston: Bátìrì kọ́, àbúrò. Omi ló ń gbé ìgbì rédíò mì, 2.4 GHz kì í rìn jìnnà nínú rẹ̀ rárá. 433 MHz tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ yín máa ń lọ díẹ̀ sí i, àmọ́ má gbára lé e.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí o fi pe ìmọ́lẹ̀. Gbé fláàṣì abẹ́ omi kékeré kan sára àpótí náà, fi wáyà fiber optic, èyí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, so ó mọ́ fláàṣì kámẹ́rà, kí o kọ ojú rẹ̀ sókè. Manual (ìwọ fúnra rẹ lo ń yan agbára iná) ni kí fláàṣì abẹ́ omi àti ti kámẹ́rà wà. Fi 1/16 agbára wọn bẹ̀rẹ̀. Fi àwọn ti etí adágún sí S1 (ètò tí fláàṣì fi ń tàn bó bá ti rí iná fláàṣì mìíràn), kí o yí ara wọn títí ojú kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ yóò fi wo omi. Orí wọn lè kọ síbòmíràn.

Bí o bá fi wọ́n sílẹ̀ sórí TTL (kámẹ́rà ló ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀), iná àkọ́tàn ni àwọn ti òkè yóò jẹ́ ìpè rẹ̀, kí ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà) tó ṣí. Gbogbo fláàṣì á tàn lójú rẹ, fọ́tò á sì ṣókùnkùn.

Manchester: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣé a lè fi fílítà infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí) bo ti abẹ́ omi, kó má baà hàn nínú fọ́tò?

Houston: Rárá o, omi máa ń fa infrared mu kíákíá. Kó ṣáà wo òkè. Bó bá kọjú síwájú, á tan ìdọ̀tí inú omi, àmì funfun á kún fọ́tò.

London: Nínú oòrùn ọ̀sán, ojú S1 kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran. Wáyà ló dájú níbẹ̀: fà á láti orí kámẹ́rà gba ihò onírọ́bà tó wà lára àpótí, mítà márùn-ún tó, kí trígà tó wà lórí rẹ̀ kejì léfòó lórí fóòmù nínú ọ̀rá tí a dì pa. Gbé fláàṣì ga kí iná já wálẹ̀ tààrà. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ojú omi á dá púpọ̀ rẹ̀ padà. Ṣọ́tà kó má yára kọjá 1/200 ìṣẹ́jú àáyá.

Fláàṣì oníbátìrì nìkan o, mo bẹ̀ yín! Ẹ má fa iná ilé 230 V wá sẹ́bàá omi tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àpò iyanrìn lórí ẹsẹ̀ ìdúró fláàṣì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan sì dì í mú.