Kí Wọ́n Bi Ọ̀dọ́ Náà Fúnra Rẹ̀

Ìrírí tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ ti ẹni tí jẹjẹrẹ mú nígbà tí kì í ṣe ọmọdé mọ́, tí àwọn àgbà kò sì tíì kà á kún ara wọn. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí kókó kan yọ sí mi lọ́rùn, nítòsí èjìká òsì. Kò dùn mí rárá, ìdí nìyẹn tí n kò fi kà á sí. Nígbà tó yá, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí lóru débi pé àràárọ̀ ni màmá mi ń sá aṣọ ìbùsùn mi, ara ń yún mi, ṣòkòtò mi kò sì dúró ní ìdí mi mọ́.

Nílé wa ní Ìkéré, agbo ni mo kọ́kọ́ mu. Ilé ìwòsàn tí a lọ lẹ́yìn náà ní ikọ́ ife ni, mo sì lo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. N kò dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí ikọ́ ife náà a máa mú kókó yọ lọ́rùn, a sì máa mú ni làágùn lóru. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù. Èsì tó jáde ni pé jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Hodgkin lymphoma ni, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, tí oògùn sì sábà máa ń borí rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni wọ́n gbé mi sí, láàárín àwọn bàbá arúgbó tí wọ́n ṣàánú mi púpọ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹgbẹ́ mi kankan nínú wọn. Bí dókítà bá dé, màmá mi ni yóò kọjú sí: “Màmá, ṣé ọmọ yín jẹun? Ṣé ó sùn?” Èmi tí n kò jẹun, tí n kò sì sùn, mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń wò wọ́n. Kí wọ́n tó fa kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, sí mi lára nígbà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ṣàkóbá fún ọmọ bíbí lọ́jọ́ iwájú, àti pé wọ́n lè gba àtọ̀ ọkùnrin pamọ́ sínú òtútù líle ṣáájú ìtọ́jú. Lẹ́yìn ọdún kan ni mo kà á fúnra mi lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti ní kí màmá mi jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ti wáyé. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Ìwé kíkà yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò dá wà. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 15 sí 39 ni àwọn onímọ̀ kó pọ̀ sí ọ̀wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ní jẹjẹrẹ. Ní 2006, National Cancer Institute, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ níbẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìròyìn jáde pé ìlọsíwájú tó dé bá ìtọ́jú àwọn ọmọdé kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ bákan náà, àti pé díẹ̀ nínú wọn ló ń wà nínú ìwádìí tí wọ́n fi ń dán oògùn tuntun wò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1990 ni àjọ aláàánú tó ń jẹ́ Teenage Cancer Trust ti ṣí wọ́ọ̀dù lọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ní jẹjẹrẹ.

Láti ìgbà tí ara mi ti yá, èmi àti nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń lọ bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama sọ̀rọ̀ nípa kókó tí kì í dunni, àti nípa orúnkún tó ń wú, tó sì ń dunni lóru, tí gbogbo ilé ń sọ pé bọ́ọ̀lù ló fà á, nígbà tó lè jẹ́ jẹjẹrẹ egungun.

Lóṣù tó kọjá, mo tẹ̀lé ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan àti bàbá rẹ̀ lọ rí dókítà ní Adó. Bí dókítà ti kọjú sí bàbá, mo ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bi òun fúnra rẹ̀.” Ọmọ náà dákẹ́ pẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé màá lè ṣe WAEC lọ́dún yìí?” Ó ti ń gbé ìbéèrè yẹn sínú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá rẹ̀ kò sì mọ̀. Dókítà fa kàlẹ́ńdà orí tábìlì sọ́dọ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ kẹ́mò mọ́ ọjọ́ ìdánwò.