Lórí “aṣítí” gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún àwọn tí ó ń tọ́jú adití láyé àtijọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Ẹ̀gbọ́n wa dá a lábàá pé kí a máa pe gbogbo àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n gbìyànjú láti tọ́jú adití láàárín 1500 sí 1800 ní “aṣítí”. Mo rí bí ó ṣe hun ún: ẹni tí etí rẹ̀ di ni adití, ẹni tí ó bá sì ṣí i ni aṣítí. Ṣùgbọ́n “ìṣítí” ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu wa, ìyànjú àti ìkìlọ̀ ni, oníwàásù ni ẹni tí ó bá gbọ́ “aṣítí” yóò sì kọ́kọ́ rò.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá tọ́ sí Guyot, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Versailles, ẹni tí etí tirẹ̀ fúnra rẹ̀ di, tí ó wá ṣe ọ̀pá oníhò tí ó tẹ̀ kọrọdọ, tí ó ń tì í gba ẹnu lọ sẹ́yìn ọ̀fun kí omi lè ṣan ojú ọ̀nà tí ó so ọ̀fun mọ́ etí. Ní 1724 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris gbọ́ nípa rẹ̀. Cleland, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, gba imú wọlé ní tirẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1741. Níwọ̀n bí Guyot kì í ti í ṣe oníṣègùn, “atọ́jú-etí” ni mo fara mọ́ ju “oníṣègùn etí” lọ.

Ṣùgbọ́n etí ta ni Pedro Ponce de León ṣí? Mọ́ǹkì ará Sípéènì yìí, tí ó kú ní 1584, kò wá ohun tí ó dí etí kankan. Ó kọ́ àwọn ọmọ ìdílé ọlọ́lá tí wọ́n jẹ́ adití ní ìwé kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ. Bákan náà ni Amman ní Amsterdam, dókítà gidi ni, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan ọ̀fun kí ó lè mọ bí ohùn ṣe ń gbọ̀n níbẹ̀. Olùkọ́ adití ni mo máa pe àwọn wọ̀nyí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí a má sì kọ “olùkọ́ odi”. Òótọ́ ni pé odi ni Bonet, ará Sípéènì tí ó kọ̀wé lórí bí a ṣe ń kọ́ adití ní ọ̀rọ̀ sísọ, pè wọ́n nínú àkọlé ìwé rẹ̀ ti 1620, ṣùgbọ́n lédè tiwa, odi lè gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, adití sì lè sọ̀rọ̀ ketekete.

Ní ti ọ̀pá Guyot, “ọ̀pá ìṣan-etí” ni mo mú wá dípò “ọ̀pá ìfọtí”, nítorí ẹni tí ó bá gbàgbé àmì ohùn yóò kà á sí ìfọ́tí, tí í ṣe ìgbátí.