Àpótí oyin tó ń di aláìlágbára lásìkò òjò: ká dín àyè inú rẹ̀ kù, àbí ká pa á pọ̀ mọ́ òmíràn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùsìn oyin. Àpótí tí à ń to igi pẹlẹbẹ lé lórí la ń lò, igi kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 32. Ẹsẹ̀ àpótí wà nínú agolo ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, nítorí ìjàlọ. Ṣùgbọ́n koríko kan péré tó bá ga kan àpótí ti tó ọ̀nà fún wọn, ìyẹn ni ríro abẹ́ rẹ̀ kì í fi í tán.

Òdòdó ti wọ́n báyìí. Ìrọ̀lẹ́ la ń gbé omi ṣúgà sínú àpótí, kílò kan sí lítà omi kan, torí tọ̀sán ló ń pe oyin olè, ìyẹn oyin àpótí mìíràn tó ń wá jí oúnjẹ. Síbẹ̀, àpótí kan ń di aláìlágbára: afárá mẹ́rin péré ni kòkòrò oyin bò, kòkòrò dúdú kéékèèké ń sá sí igun, ìdin wọn sì ti ba afárá kan jẹ́, ó ń ṣomi, ó ń rùn bí èso tó kan.

Ṣé ká yọ afárá tó ṣófo kí àyè há, àbí ká pa wọ́n pọ̀ mọ́ àpótí tó lágbára? Bí a bá pa wọ́n pọ̀, ayaba àpótí wo lẹ máa ń yọ nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní ká ní sùúrù o.