Ṣé ó bọ́gbọ́n mu láti lo thefuck lórí server iṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà. Mo ń lo thefuck, ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa ń tún àṣẹ tí èèyàn bá ṣì tẹ̀ ṣe: bí mo bá tẹ git brnch, yóò dábàá git branch, n óò sì tẹ Enter láti fọwọ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ kò ṣeé pè níwájú àgbà, mo ti fi alias (orúkọ àdàpè fún àṣẹ) yí i padà sí tunse. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, kí ó tó mọ àṣìṣe náà, ó máa ń mú kí àṣẹ tó kùnà náà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lè ka ohun tó jáde, èyí tó lè léwu bí àṣẹ náà bá ti pa fáìlì kan rẹ́ kí ó tó kùnà. Ṣé instant mode rẹ̀, tó ń ka àkọsílẹ̀ ohun tó ti jáde dípò bẹ́ẹ̀, ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àbí kí n yọ ọ́ kúrò lórí server pátápátá?