Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni mo bèèrè lọ́wọ́ yín pé báwo ni ọ̀rá ṣe lè bo ẹ̀dọ̀ èmi tí kì í mutí rárá. Triglyceride mi, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 312 nígbà náà, ALT, èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń fara pa, sì jẹ́ 78.

Èsì àyẹ̀wò tuntun jáde lánàá. Triglyceride ti wálẹ̀ sí 146, ó bọ́ sábẹ́ 150 tí wọ́n ń fẹ́. ALT di 35. Dókítà fi àwòrán scan inú mi méjèèjì hàn mí: ti àkọ́kọ́, ọ̀rá mú kí ẹ̀dọ̀ funfun báláú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín, ti ìsinsìnyí, àwọ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹni tó ní kí n wo ohun tí mò ń mu, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìgò mínírà méjì lójúmọ́! Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ ṣúgà àmujù di ọ̀rá, kì í ṣe epo ọbẹ̀ nìkan ló ń fà á. Mo jáwọ́ ńbẹ̀, mo dín ẹ̀bà kù sí ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ mi, mo sì ń rìn lálaalẹ́. Láti kílò 92, mo ti di 84.

Mi ò mu àgbo kankan, torí òmíràn lè tún ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sí i. Statin, oògùn tó ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, dókítà ní kò léwu fún irú ẹ̀dọ̀ tèmi. Mo ṣì ń lò ó nítorí LDL, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù búburú.

Mo ti rí ìdáhùn mi. Ẹ jẹ́ ká pa á dé síbí.